Èló Ni Iṣẹ́ Tí A Kò Lè Fi Ọwọ́ Kàn?

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ bí a ti ń nájà. Bí a bá dé ọjà, a ó fi ọwọ́ tẹ tòmátì wò, a ó gbọn ẹ̀wà nínú igbá kí á lè rí èyí tí kòkòrò ti jẹ, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi mọ̀ bóyá iye tí ìyá ọlọ́jà pè tọ́ tàbí kò tọ́. Ojú ti rí ọjà náà, ọwọ́ sì ti kàn án. Ṣùgbọ́n ọjà kan ti wọ àárín wa tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè kàn, tí a sì ń san owó ńlá lé lórí. Ọjà náà ni ètò kọ̀ǹpútà tí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ fún àwa nìkan, yàtọ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà tàbí kí ó gbà sórí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ìyàwó tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ yóò fẹ́ ètò tí yóò máa fi òbí tí ó ti san owó hàn án, àti èyí tí kò tí ì san. Ẹni tí ó ń ta aṣọ tàbí tí ó ń se oúnjẹ àríyá yóò fẹ́ èyí tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí òun bá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì tún wà nínú wa tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń kọ ètò wọ̀nyí, nínú ilé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tí mo wà nínú rẹ̀ pinnu pé àwọn yóò pa ìwé ńlá àkọsílẹ̀ tì, kí wọ́n sì gbé ìṣirò owó sí orí kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ ilé-ìwé, oníṣòwò àti aránṣọ ni ó pọ̀ jù nínú wa. Ohun tí ó fa ìpinnu yìí kì í ṣe fáàrí. Òjò wọ ilé tí ìwé àkọsílẹ̀ wà, ó sì pa ojú ìwé púpọ̀ rẹ́. Opó kan nínú wa fẹ́ gba owó rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ń wá ìwé ìsanwó kiri kí á tó lè sọ iye tí ó ní lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà jókòó sílé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n dá iye owó lé e. Ìdáhùn dé. Ẹni kìíní ní òun yóò gba ₦450,000. Ẹnì kejì ní ₦1,800,000. Ẹnì kẹta ní ₦4,200,000. Ariwo sọ ní ìpàdé. Àwọn kan ní kí á gbé e fún ẹni tí ó gba owó kékeré, kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ọlọ́ṣà ni àwọn méjì tí ó kù. Ìyá Alága wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìṣirò ọrọ̀ ilé. Ẹ bá wa wò ó o, kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ.”

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Ìbàdàn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe láti ilé rẹ̀. Mo kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá a. Kò tilẹ̀ wo ibi tí iye owó wà. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹgbẹ́ yín sọ fún wọn pé àwọn ń fẹ́?” Ìwé tí ẹgbẹ́ kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: a ń fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú owó ẹgbẹ́. Ó wá jókòó, ó sì fi hàn mí. Ẹni kìíní ti ṣírò ètò tí yóò wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ̀dọ̀ akọ̀wé, tí yóò máa gba orúkọ àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀. Ẹnì kejì ti fi owó yíyá kún un, èlé orí rẹ̀, àwọn onídùúró, àti bí a ó ti pín èrè ní ìparí ọdún. Ẹnì kẹta rò pé olúkúlùkù yóò máa wo owó rẹ̀ lórí fóònù, pé ètò náà yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, yóò sì máa gba owó láti báńkì.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni kan ṣe ìṣirò ìró àti bùbá, ẹnì kejì ṣe ti aṣọ ìyàwó, ẹnì kẹta sì ṣe ti aṣọ ẹbí fún gbogbo agboolé. Aṣọ ni gbogbo wọn. Kò sí olè nínú wọn.” Èyí ni ẹ̀kọ́ kìíní. Bí oníbàárà kò bá sọ ohun tí ó ń fẹ́, iye owó tí wọ́n bá pè fún un kò lè ní ìtumọ̀ kankan. Ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a gbé sí iwájú wa, tí a sì ń fi owó wọn wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó wà nínú owó náà gan-an. Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń dá iye lé oúnjẹ, ọ̀nà mẹ́rin ni a máa ń pín in sí: owó ohun èlò, owó iṣẹ́ ọwọ́, ìnáwó bí owó gáàsì àti owó ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà èrè. Nínú ìrẹsì tí a sè fún igba ènìyàn, ohun èlò ni ó máa ń kó ìpín tí ó pọ̀ jù. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ohun èlò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń lò lónìí àti lọ́la, kò sì sí ìrẹsì tàbí òróró tí yóò tán. Iṣẹ́ ọpọlọ àti ọjọ́ ayé ẹni tí ń ṣe é ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra ètò kọ̀ǹpútà, ọjọ́ ni ó ń rà, àti òye tí ó wà nínú ọjọ́ náà.

Ó ti pẹ́ tí ó ti ṣòro fún aráyé láti gba èyí. Ní ìgbà kan rí, wọn kì í tilẹ̀ dá owó lé ètò lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ńlá ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà, tàbí tí ó háyà rẹ̀, a gba ètò mọ́ ọn bí ìgbà tí ìyá aláta bá sọ ata díẹ̀ sí i fún wa ní èènì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa dá owó lé ọ̀pọ̀ nínú ètò wọ̀nyí lọ́tọ̀. Láti ìgbà náà ni ètò kọ̀ǹpútà ti di ọjà tí ó dá dúró. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wò ó bí èènì. Wọn a san owó kọ̀ǹpútà láìjanpata, wọn a sì máa jà lórí owó ètò tí yóò mú un ṣiṣẹ́.

Mo ní kí àbúrò mi bá mi ṣe ìṣirò ètò ẹgbẹ́ wa, kí ó ṣe é bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, kí ó sì mú àárín nínú àwọn mẹ́ta náà. Ó mú bírò. Ọjọ́ 4 láti jókòó ti akọ̀wé àti akápò kí ó lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ 5 láti ya àwòrán bí ètò náà yóò ti rí. Ọjọ́ 22 láti kọ ọ́. Ọjọ́ 8 láti dán an wò, kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ọjọ́ 3 láti kọ́ àwọn tí yóò lò ó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 42. Ó ń gba ₦30,000 lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ ₦1,260,000. Ó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀, ó di ₦1,512,000. Ó fi èrè ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ìyẹn, ó di ₦1,663,200. Nígbà tí ó sì ro owó ibi tí a ó máa pa ìṣirò mọ́ fún ọdún kan pọ̀ mọ́ ọn, ó ti súnmọ́ iye tí ẹnì kejì pè.

Ẹnu yà mí sí ₦30,000 lójúmọ́, nítorí ó pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba púpọ̀ ń gbà. Ó ṣàlàyé fún mi láìbínú. Nínú ogún ọjọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú oṣù, bóyá méjìlá ni oníbàárà ń sanwó fún. Ìyókù ni ó fi ń wá iṣẹ́, tí ó fi ń kọ́ ohun tuntun, tí ó sì fi ń dáhùn ìpè. ₦360,000 ni èyí jẹ́. Nínú rẹ̀ ni owó íntánẹ́ẹ̀tì wà, àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ó ti wọ́n gógó láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọdún 2023, àti owó kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò rà bí ti ìsinsìnyí bá bàjẹ́, àti owó orí, àti owó ẹni tí ń bá a mú ọmọ. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ohun tí ó ń mú wọ ilé kò jọ ₦30,000 lójúmọ́ rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wá ni ìdá kan nínú márùn-ún tí ó fi lé e. Kí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀ yìí? Ẹni tí ó ti se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta mọ ìgbà tí yóò jinná. Ṣùgbọ́n ètò tí a kọ fún ẹnì kan gan-an, ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ irú rẹ̀ rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò bá kàn lọ ra èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Àfojúbù ni gbogbo ìṣirò rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Barry Boehm kọ ìwé lórí ọrọ̀ ajé ètò kọ̀ǹpútà ní ọdún 1981. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ìṣirò tí a bá ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ, kí á tó mọ ohun tí a ń fẹ́ dájú, lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí iṣẹ́ náà yóò gbà nígbẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ ìdá kan péré nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí a bá ti ń mọ̀ sí i ni ìṣirò ń súnmọ́ òtítọ́. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1979, Allan Albrecht tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ti gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi lè ka ohun tí ètò yóò ṣe: ohun tí a ó máa kọ sínú rẹ̀, ohun tí yóò máa tẹ̀ jáde, ìbéèrè tí yóò máa dáhùn, àti àkọsílẹ̀ tí yóò máa pa mọ́. Ẹni tí ó bá lè ka nǹkan wọ̀nyí lè ṣe àfojúbù tí ó sàn ju ti ẹni tí ó kàn wo ojú ọ̀run.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí á gba ènìyàn púpọ̀ kí iṣẹ́ lè tètè parí, kí owó sì dín kù. Fred Brooks, ẹni tí ó darí iṣẹ́ ètò ńlá kan fún IBM, ti kọ ọ́ ní ọdún 1975 pé bí a bá fi ènìyàn kún iṣẹ́ ètò tí ó ti pẹ́, pípẹ́ ni yóò tún pẹ́ sí i, nítorí àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn tuntun. Àwa obìnrin kò yẹ kí á bá a jiyàn. Ènìyàn mẹ́wàá lè bó èèpo ẹ̀wà kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé mọ́ínmọ́ín ka iná, ènìyàn mẹ́wàá tí ó dúró yí ìkòkò ká kò lè mú un jinná ju bí ó ti yẹ lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti kún fún ohun àìmọ̀ báyìí, ìbéèrè tí ó kù ni pé ta ni yóò ru ewu rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dá owó yàtọ̀ síra nìyẹn. Ọ̀nà kìíní ni àgbàṣe: iye kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́, bí ó pẹ́, bí ó yá. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó mọ ohun tí yóò ná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ètò ni ó ru ewu, nítorí náà yóò fi owó ewu kún un, yóò sì dìrọ̀ mọ́ ìwé àdéhùn bí a bá béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni owó òòjọ́: a ń san iye ọjọ́ tí ó bá ṣe. Ó dára nígbà tí a kò tí ì mọ ohun tí a ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n oníbàárà ni ó ru ewu, ó sì yẹ kí ó máa wo iṣẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan a pa méjèèjì pọ̀: owó òòjọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá iye kan láìjẹ́ pé a tún jókòó sọ ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni kí a wo àǹfààní tí ètò náà yóò mú wá. Ètò tí yóò gba ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́ àdánù mílíọ̀nù lọ́nà ogún lọ́dún, ẹni tí ó kọ ọ́ lè béèrè ju owó ọjọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kì í ta ètò, owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà, bí ẹni tí ó háyà ilé. Bí owó oṣù náà ti wù kí ó kéré tó, kí á sọ ọ́ di ti ọdún márùn-ún kí á tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé fi etí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ní ọdún 2021. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní kí ó kọ ètò tí yóò máa ṣe èsì ìdánwò àti owó ilé-ìwé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó rò pé ó jẹ́, ó sì gba àgbàṣe ₦350,000. Ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti sọ fún un pé, “Ọmọ mi ni ọ́. Ilé náà ni o ṣáà wà, o kò san owó ṣọ́ọ̀bù.” Wọn kò kọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní ó kù kí àwọn òbí máa rí èsì lórí fóònù. Ó ṣe é. Wọ́n ní ó kù káàdì ìdánimọ̀. Ó ṣe é. Wọ́n ní ó kù kí ó máa ka ọjọ́ tí olùkọ́ wá sí iṣẹ́. Ohun tí ó bá wuni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í tán.

Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà jókòó, ó rákò, ó dìde dúró, iṣẹ́ náà kò tí ì parí. Aago kan òru sí aago mẹ́rin ni ó máa ń kọ ọ́, nígbà tí ọmọ bá sùn. Ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe oníjà ènìyàn, béèrè lọ́jọ́ kan pé, “Iṣẹ́ tí kò mú owó wọlé, tí kò sì jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn, kí ni a ń pè é?” Kò rí ìdáhùn fún un. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó gbà á. Wọn kò san ìdá kan tí ó kù nínú mẹ́ta, wọ́n ní iṣẹ́ náà kò tí ì pé. Nígbà tí a jọ ka ọjọ́ tí ó fi ṣe é, ó tó àádóje. Ohun tí ó gbà fún ọjọ́ kan kò pé ₦1,800, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ojúkòkòrò nìkan kọ́ ni ó fa ìyà náà. Nítorí pé ilé ni ó jókòó sí, tí ó ń fi ẹsẹ̀ kan mi ọmọ, oníbàárà kò rí i bí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí aránṣọ ni, yóò rí ẹ̀rọ ìránṣọ àti òkìtì aṣọ níwájú rẹ̀, ojú yóò sì tì í láti ní kí ó tún ran mẹ́ta sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, àbúrò mi kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ìwé. Ó ń kọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Lẹ́yìn èyí ni ó ń kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé apá yìí ni ó ti pa ìjà tí ó pọ̀ jù láàárín òun àti oníbàárà. Bí wọ́n bá fẹ́ àfikún, yóò dá iye lé e, wọn yóò sì fi ọwọ́ sí i kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó ń gbà ní àsansílẹ̀, mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá rí apá kìíní tí ó ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta nígbà tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ dé, ọ̀kan tí ó kù lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti ń lò ó. Ọ̀nà yìí dáàbò bo oníbàárà pẹ̀lú, nítorí kò sí ìgbà kan tí owó rẹ̀ jìnnà sí ohun tí ó ti fi ojú rí.

Kí á tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan, ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí á béèrè, nítorí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Èkíní ni owó ìtọ́jú. Ètò kọ̀ǹpútà ń fẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn tí a ti gbà á, bí ilé ti ń fẹ́ ọ̀dà. Ta ni yóò ṣe é, èló sì ni lọ́dún? Èkejì ni owó dọ́là. Ọ̀pọ̀ ètò ni a ń pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà ńlá tí a háyà ní òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì fi ń gba owó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tí ì pé ₦500 ní báńkì. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí ó bá fi náírà dá owó ọdún mẹ́ta láìsọ̀rọ̀ dọ́là nínú àdéhùn, òun tàbí oníbàárà rẹ̀ yóò sunkún.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí yóò ni ètò náà. Òfin ẹ̀tọ́-àdàkọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó di tiwa pátápátá, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn, ó sì lè mú kí owó pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin, kí á béèrè bóyá owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà wà nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ̀karùn-ún ni àṣírí àwọn ènìyàn. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni. Ẹgbẹ́ tí ó bá kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báńkì àwọn ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò wọ́n, iṣẹ́ ààbò yìí sì ń gba ọjọ́ tí a ó sanwó fún.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́, a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ méjì, a sì kọ ohun tí a ń fẹ́ sí ojú ìwé méjì. A pín in sí èyí tí a kò lè ṣe aláìní àti èyí tí ó lè dúró. Iye tí opó kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́ wa wà ní apá kìíní. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ìbí wà ní apá kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Alága fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó pe ₦450,000 kọ̀wé pé iṣẹ́ náà ju ohun tí òun rò lọ, ó sì gbé owó rẹ̀ sókè sí ₦1,300,000. Ẹni tí ó pe ₦4,200,000 sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦2,100,000. Ẹnì kejì fi díẹ̀ dín tirẹ̀ kù, ó sì béèrè ìbéèrè mọ́kànlá lórí bí a ti ń ṣírò èlé. Nítorí àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ni a ṣe gbé iṣẹ́ fún un. A kọ́kọ́ san owó ọjọ́ márùn-ún fún un kí ó wá wo iṣẹ́ wa, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀; ìwé yẹn ì bá jẹ́ tiwa bí a bá tilẹ̀ pínyà. Lẹ́yìn náà ni a tó wọ àdéhùn àgbàṣe ní ìpín mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, bí ẹ bá ń ra irú ọjà yìí, ẹ má ṣe béèrè èló kí ẹ tó mọ kí ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó bá wù yín, ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò yé e. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín kí ó tó pe owó. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń tà á, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, àti ti òru pàápàá. Ní ìparí oṣù, ẹ fi iye wákàtí náà pín owó tí ó wọlé. Iye tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ fi hàn bàbá ọmọ, òun náà ni kí ẹ sì máa rántí nígbà tí oníbàárà mìíràn bá tún sọ pé ilé náà ni ẹ ṣáà wà.